Ológbò tí wọ́n bí àbùkù fáàfù ọkàn mọ́: kí ni oògùn ń ṣe, ibo ló sì ń pin sí?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn kan fún oríṣi àìsàn ọkàn ológbò kan. Felycin-CA1 ni wọ́n ń pè é, sirolimus ni èròjà inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ológbò sì ń lò ó. Ìròyìn ayọ̀ ni fún àwọn tó ń sin ológbò, torí pé àjọ náà kò tíì fọwọ́ sí oògùn kankan fún àìsàn yẹn rí. Àmọ́ ìròyìn a máa sanra sí i bó bá ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn. Oògùn tó wà fún oríṣi àìsàn kan, ní ìpele kan, ti di "oògùn àìsàn ọkàn ológbò" lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí dókítà ẹranko sọ fún pé fáàfù ni wọn kò bí dáadáa mọ́ ológbò tirẹ̀ náà ti ń béèrè ìgbà tí òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé oògùn yẹn kò bá tirẹ̀ wí. Ìdí rẹ̀ ló gùn díẹ̀, nítorí ó kan bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó kan orúkọ tí àwọn dókítà ń fún àìsàn, ó sì kan àríyànjiyàn mélòó kan tí àwọn onímọ̀ ọkàn ẹranko fúnra wọn kò tíì parí.

## Fáàfù wo là ń sọ?

Ọkàn ológbò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í sábà wúwo tó gíráàmù 20. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa ti yàrá òkè sọ̀ kalẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀, á sì ti ìsàlẹ̀ jáde sínú iṣan ńlá. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní fáàfù tirẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí kì í ṣí ju síbì kan ṣoṣo lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa yí padà. Mẹ́rin ni wọ́n: mitral ní apá òsì, tricuspid ní apá ọ̀tún, àti méjì tó wà ní ẹnu àbájáde, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, èkejì fún èyí tó ń lọ sí ara yòókù. Bí ọkàn ológbò bá ń lù nígbà 180 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà lórí tábìlì dókítà, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó ń tì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mitral àti tricuspid ni àbùkù àbímọ́ máa ń bá jù lára ológbò. Awẹ́ fáàfù lè nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè kúrú, awẹ́ méjì sì lè lẹ̀ mọ́ra. Àwọn okùn tín-ín-rín tó so awẹ́ wọ̀nyí mọ́ ara ọkàn lè kúrú, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ sí, tí awẹ́ náà á wá lẹ̀ tààrà mọ́ iṣan. Dysplasia lẹ óò rí nínú ìwé tí dókítà bá kọ. Bí ilẹ̀kùn tí káfíńtà gé kúrú kò ṣe lè bo ojú ọ̀nà tán, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jò padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Lára àwọn mìíràn, jíjò kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀nà ló fún, tí ẹ̀jẹ̀ kò rí ibi gbà dáadáa. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí àbùkù fáàfù má dá wá, kí ihò wà lára ògiri tó pààlà sáàárín yàrá ọkàn pẹ̀lú.

Apá tí àbùkù wà ló ń sọ ibi tí wàhálà á gbà yọ. Bí ó bá jẹ́ mitral ló ń jò, ẹ̀jẹ̀ á máa tì padà sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Lára ológbò, omi yẹn tún lè yí ẹ̀dọ̀fóró ká láti ìta. Bí ó bá jẹ́ tricuspid, ara ni ẹ̀jẹ̀ ń tì padà sí: ikùn á máa wú, omi á sì kún inú àyà. Ìpele yìí, tí ọkàn kò lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́ tí omi sì ń pọ̀ síbi tí kò yẹ, la óò máa pè ní àárẹ̀ ọkàn nínú àlàyé yìí.

## Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni èyí àti HCM?

Rárá, ibí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú jù.

HCM ni àìsàn tí iṣan ọkàn fúnra rẹ̀ ń nípọn láìnídìí mìíràn. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àìsàn ọkàn ológbò. Ìwádìí gbé e sí nǹkan bí 15 nínú 100 ológbò. Ó lè wà lára ológbò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ti fáàfù, inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n ju HCM lọ fíìfíì. HCM ni Felycin-CA1 wà fún, èyí tí kò tíì fa àmì kankan síta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dẹ́kun nínípọn iṣan. Kò ní ohun tí yóò ṣe fún awẹ́ tó kúrú.

Àyẹ̀wò jíìnì náà ń dá kún ìdàrúdàpọ̀. Ní 2005, àwọn olùwádìí rí àyípadà kan nínú jíìnì MYBPC3 lára ológbò ẹ̀yà Maine Coon. Nígbà tó di 2007, wọ́n rí òmíràn nínú jíìnì kan náà lára ẹ̀yà Ragdoll. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ra ọmọ ológbò lára ẹ̀yà wọ̀nyí lè gba ìwé tó sọ pé àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́. Inú onítọ̀hún á dùn, á sì gbà pé ọkàn ológbò òun kò ní àbùkù. Ìwé yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀. Àyípadà kan ṣoṣo ló wá lọ, kò rí i, ó parí. Kò ṣí fáàfù wò.

Taurine, èròjà inú oúnjẹ ológbò, náà ńkọ́? Ní 1987 ni Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of California, Davis, fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé àìtó taurine nínú oúnjẹ ń mú kí ọkàn ológbò fẹ̀ kó sì rọ, àti pé bí wọ́n bá dá taurine padà, ọkàn náà lè bọ̀ sípò. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ológbò fi taurine kún ọjà wọn, àìsàn náà sì di ohun tí a kì í sábà rí mọ́. Bóyá ni ìtàn mìíràn dùn tó èyí nínú ìmọ̀ ọkàn ológbò, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbé e lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àìtó èròjà ló wò sàn. Ohun tí wọ́n bí ní kúkúrú kì í gùn nítorí taurine.

Síbẹ̀, kí ẹ má bínú sí dókítà tí kò tètè mọ̀yàtọ̀. Fáàfù mitral tí kò dára lè máa yà sọ́nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, kó dí i lápá kan. Iṣan ọkàn á wá máa ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára, bó bá sì ṣe ń ti agbára bẹ́ẹ̀ ni yóò máa nípọn, bí apá ẹni tó ń gbé irin. Lójú síkáànù, ó jọ HCM bí ìbejì. Bí ológbò náà bá ṣì kéré, tí awẹ́ fáàfù sì rí ségesège, dókítà tó mọ ọkàn dáadáa á fura pé fáàfù ló ṣáájú, pé iṣan kàn ń tẹ̀ lé e ni. Orúkọ tí wọ́n bá fún un lọ́jọ́ yẹn ló máa pinnu oògùn tó máa tẹ̀ lé e.

## Dókítà gbọ́ ariwo nínú àyà rẹ̀. Ṣé ó ti burú nìyẹn?

Ọkàn tó dára a máa ró kì-kì, kì-kì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba ibi tóóró, tàbí tó ń jò padà, ohùn kan á wọ àárín kì méjèèjì, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń yọ lára táyà: ṣìì. Ohùn yìí ni wọ́n ń pè ní murmur, wọ́n sì máa ń fún un ní ipele láti 1 dé 6. Ipele 1, ó gba kí yàrá dákẹ́ rọ́rọ́ kí dókítà tó gbọ́ ọ. Láti 5 lọ sókè, bí ẹ bá fi ọwọ́ lé àyà ẹranko náà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ó ti ń gbọ̀n.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n ka ipele yìí bí ẹni ń ka máàkì ìdánwò. Ariwo ńlá kò sọ pé àìsàn náà le, ariwo kékeré kò sì sọ pé kò le. Ihò kékeré lára ògiri ọkàn lè pariwo gan-an láìpa ẹnikẹ́ni lára, nígbà tí ológbò tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ gidi lè má ní ariwo kankan. Ọ̀pọ̀ ológbò tí kò ní àìsàn ọkàn rárá ló ń ní murmur, pàápàá bí ẹ̀rù bá bà wọ́n tí ọkàn ń sáré. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fà á. Lára ọmọ ológbò, ariwo jẹ́jẹ́ lè wà tí yóò lọ fúnra rẹ̀ kó tó pé oṣù mélòó kan. Èyí tó le, tí kò sì lọ bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà, ni wọ́n ń fura sí.

Síkáànù ọkàn, tí àwọn dókítà ń pè ní echo, ni kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n á fi ológbò dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi nǹkan tútù pa àyà rẹ̀, fáàfù á wá hàn lójú ẹ̀rọ bí ó ti ń ṣí tó ń tì. Bí wọ́n bá tan àwọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń sún mọ́ irinṣẹ́ á pọ́n, èyí tó ń lọ á ní àwọ̀ búlúù, èyí tó bá ń sáré jò padà á sì dàpọ̀ mọ́ra bí iná tó ń jó. Ẹni tí kò kàwé ìṣègùn rí á rí ibi tó ti ń jò. X-ray wúlò láti mọ̀ bóyá omi ti wà nínú àyà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ NT-proBNP lè sọ pé ara ọkàn ń fà ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ kò lè sọ fáàfù tó fà á.

Ṣé kí a wá ya síkáànù fún ológbò tó ń ṣeré, tó ń jẹun, nítorí ariwo nìkan? Àwọn dókítà kan ní ó tọ́, pé bí a kò bá mọ ohun tó ń ró, a kò lè mọ̀ bóyá ó léwu láti kùn ún lóorun fún títẹ̀ lọ́dàá tàbí láti fa omi sí i lára. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí àmì kankan, síkáànù á kàn kó ìdààmú bá onílé fún ohun tí kò sí oògùn tó máa tètè bẹ̀rẹ̀ fún, owó rẹ̀ kò sì kéré. Wọ́n á ní kí wọ́n tún un gbọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Nígbà tó bá jẹ́ ọmọ ológbò tí ariwo rẹ̀ le, ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì kì í fẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ní kí a yà á.

## Oògùn wo ni wọ́n ń lò, kí sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti máa ń bá èèyàn lójijì. Ológbò jókòó lórí tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọrùn rẹ̀ nà síwájú, kò gbà láti dùbúlẹ̀. Wọn kì í sáré gbé irú ẹ̀ lọ ya X-ray. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e síbi tí ọ́síjìn wà, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Dókítà á fá irun díẹ̀ ní ìhà, á ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ àárín egungun ìhà méjì, á sì máa fi sírínjì fa omi jáde díẹ̀díẹ̀. Omi náà lè ju mílílítà 100 lọ lára ẹranko tí kò ju kílò 4. Kó tó pẹ́, èjìká rẹ̀ á rọ̀, á ká ẹsẹ̀ sábẹ́, á dùbúlẹ̀. Fún ológbò tí omi yí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ká, kò sí oògùn tó yá ju abẹ́rẹ́ yẹn lọ.

Bó bá jẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni omi wà, abẹ́rẹ́ kò lè fà á. Furosemide ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ó ń mú kí ológbò tọ̀, kí omi lè kúrò lára. Òun ni òpómúléró ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn, bó ti wù kí àbùkù fáàfù rí. Ṣùgbọ́n omi tó ń lé ń kó potassium lọ, ó sì ń ni kíndìnrín lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè tí wọ́n sì ń wá ìwọ̀n tó kéré jù tó ṣì ń mú mímí rọrùn. Torasemide jọ ọ́, ó lágbára jù ú lọ. Wọ́n máa ń yí sí i bí furosemide kò bá tó mọ́. Benazepril, enalapril àti spironolactone máa ń tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tó wà fún wọn lára ológbò kò lágbára tó ti furosemide.

Pimobendan ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Ó ń mú kí ọkàn fún ẹ̀jẹ̀ tì dáadáa. Ní 2016, ìwádìí EPIC fi hàn pé ajá tí fáàfù mitral rẹ̀ ti ń gbó, tí ọkàn rẹ̀ sì ti ń tóbi, lè fi nǹkan bí oṣù 15 pẹ́ sí i kó tó ní àárẹ̀ ọkàn bó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn yìí. Onílé ológbò ka èyí, ó ní: ṣebí mitral náà ni ti èmi? Àmọ́ ajá kì í ṣe ológbò, fáàfù tó gbó lọ́jọ́ alẹ́ kì í sì í ṣe fáàfù tí wọ́n bí ní àbùkù. Kò sí ìwádìí irú EPIC fún ológbò tó ní àbùkù fáàfù àbímọ́. Ọ̀pọ̀ dókítà ọkàn ń lò ó fún ológbò tí àárẹ̀ ọkàn ti mú, láìjẹ́ pé wọ́n ṣe é fún ológbò. Wọ́n ń ṣọ́ra gidi bí ọ̀nà àbájáde ẹ̀jẹ̀ bá dí, torí pé títì pẹ̀lú agbára lè mú dídí náà le sí i.

Fún irú dídí bẹ́ẹ̀, òdìkejì ni wọ́n ń lò: atenolol, tí ń mú kí ọkàn lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí àmì tó jáde? Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 tẹ̀ lé àwọn ológbò tí HCM wọn kò tíì fa àmì fún ọdún 5. Èyí tó ń lo atenolol àti èyí tí kò lò ó, ẹ̀mí wọn kò gùn ju ara wọn lọ. Àwọn tó ń fẹ́ kí a dúró ń tọ́ka sí èyí. Àwọn tó ń fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní HCM ni ìwádìí yẹn wò, pé lára ọmọ ológbò tí mitral rẹ̀ ń dí ọ̀nà, dídín agbára títì kù lè gba iṣan lọ́wọ́ nínípọn. Ìyàn tí kò tíì ní adájọ́ ni.

Ó wá ku ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí yàrá òkè apá òsì bá ti fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró níbẹ̀ bí omi inú kòtò, á sì lè dì. Bí ìdì náà bá já, ìpẹ̀ka iṣan ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sábà ń há sí. Clopidogrel ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Ìwádìí FAT CAT, tó jáde ní 2015, fi í wé aspirin lára àwọn ológbò tí ìdì ẹ̀jẹ̀ ti mú rí: kí ó tó tún mú wọn, ó gba nǹkan bí ọjọ́ 443 ní agbedeméjì lọ́wọ́ àwọn tó ń lo clopidogrel, ọjọ́ 192 lọ́wọ́ àwọn ti aspirin. Mílígíráàmù 18.75 ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lò lójúmọ́. Iye yẹn ṣàjèjì lójú títí èèyàn á fi rántí pé hóró oògùn èèyàn jẹ́ 75, ìlàrin rẹ̀ sì ni 18.75. Ó korò bí jogbo. Ológbò tó bá tọ́ ọ wò á da itọ́ bí ọṣẹ tó hó, kò sì ní gba hóró oògùn kankan lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í sínú kápúsù òfìfo kí wọ́n tó fún un. Fún àbùkù tó wà ní apá ọ̀tún nìkan, ewu ìdì ẹ̀jẹ̀ yìí kò pọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo dókítà kọ́ ló sì ń kọ clopidogrel fún irú wọn.

Nínú gbogbo oògùn tí a kà yìí, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀kan tó fọwọ́ kan fáàfù.

## Kí ló dé tí wọn kò kúkú tún fáàfù náà ṣe?

Ohun tó fa ìbéèrè yìí ni pé ajá ti ń rí i gbà. Ní Yokohama, nílẹ̀ Japan, ẹgbẹ́ Masami Uechi ní ilé ìwòsàn JASMINE ń ṣí ọkàn ajá, wọ́n ń tún okùn fáàfù mitral so, wọ́n sì ń rán ẹnu rẹ̀ kó lè kéré. Ohun èlò V-Clamp náà wà, tí wọ́n ń tì bọ ọkàn ajá tó ṣì ń lù, láti fi há awẹ́ méjèèjì pọ̀. Fídíò irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ológbò ń wò tí wọ́n fi ń béèrè pé tiwa dà.

Ìwọ̀n ara ló kọ́kọ́ dínà. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ológbò oníkílò 4 kò ju nǹkan bíi mílílítà 240 lọ. Kí a tó lè dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ máa gba ẹ̀jẹ̀ jáde, kó fi ọ́síjìn sí i, kó dá a padà, àwọn páìpù ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ kún kó tó bẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń kún un nìkan lè sọ ẹ̀jẹ̀ ológbò di omi lásánlàsàn, bí kò ṣe pé wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ológbò mìíràn kún un. Ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀: oríṣi A, B àti AB ni ológbò ń ní, ara èyí tó jẹ́ B sì ń bá ẹ̀jẹ̀ A jà kíkankíkan láti ìgbà àkọ́kọ́, kódà bí wọn kò tíì fún un lẹ́jẹ̀ rí. Ẹ tún wá ro ti fáàfù tí awẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, tí okùn rẹ̀ dà bí òwú, tí wọ́n tún bí ní ségesège. Ti ajá tó gbó, ó ti ní ìrísí tó yẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe mọ ibi tó yẹ kó dá a padà sí.

Wọ́n ti ṣe é fún ológbò níbì kan àti ibì kan, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí dókítà lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ lọ gbà. Ibi tí iṣẹ́ abẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni àwọn àbùkù tó fara pẹ́ ti fáàfù. Bí fáàfù tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró bá fún, wọ́n lè gba inú iṣan ti bàlúùnù kékeré bọ̀ ọ́ kí wọ́n fi fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ológbò. Bí iṣan tó yẹ kó pa dé lẹ́yìn ìbí bá ṣì ṣí, èyí tí wọ́n ń pè ní PDA, wọ́n lè so ó, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Àwọn tó ń ti iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn ní bí a kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, kò ní kúrò ní oògùn. Àwọn tó ń kọminú ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pé ológbò tó lè fi oògùn gbé ọdún mélòó kan láìní ìrora kò yẹ kó kú lórí tábìlì nítorí ìgbìyànjú.

## Kí lẹ lè máa ṣọ́ nílé?

Mímí ni. Ẹ dúró kó sùn, kì í ṣe kó kàn dùbúlẹ̀. Ẹ wo ìhà rẹ̀: bó bá wú tó sì rọ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bó bá ń kùn lọ́fun bí ẹni inú rẹ̀ dùn, kíkà yẹn kò wúlò. Ológbò tí ara rẹ̀ balẹ̀ kì í sábà kọjá 30 ní ìṣẹ́jú kan lójú oorun. Bó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ léraléra, kí ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn, kódà bó bá ń jẹun. Ẹ má retí ikọ́, torí pé ológbò tí àárẹ̀ ọkàn mú kì í sábà wúkọ́ bí ajá. Ohun tó ń ṣe ni pé á wọ abẹ́ ibùsùn lọ, á dákẹ́.

Bó bá ń fi ẹnu mí, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá lọgun lójijì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù, ìdì ẹ̀jẹ̀ lè ti há. Ìrora rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ẹ má fún un ní paracetamol nítorí ìrora yẹn. Ó ń pa ológbò. Ẹ gbé e lọ.

Ìgbà mẹ́ta sì wà tó yẹ kí dókítà mìíràn tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu yín pé ó ní àbùkù ọkàn: kí wọ́n tó kùn ún lóorun, kí wọ́n tó fa omi púpọ̀ sí i lára, àti kí wọ́n tó gún un ní sitẹ́rọ́ìdì tó ń pẹ́ lára. Omi àti sitẹ́rọ́ìdì lè ti ọkàn tó ń fara dà á bọ́ sínú àárẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ti oúnjẹ, ohun tó niyọ̀ púpọ̀ kò dára fún un, ṣùgbọ́n kí ológbò jẹun ṣe pàtàkì ju kí ó jẹ oúnjẹ tó dára jù lọ.

## Yóò pẹ́ láyé? Ṣé ó lè bímọ?

Èyí tí fáàfù rẹ̀ kàn ń jò díẹ̀ lè gbó kó sì kú ikú mìíràn láìlo oògùn kankan rí. Èyí tó bá le lè ti ní àárẹ̀ ọkàn kó tó pé ọdún kan tàbí méjì. Láàárín àwọn méjèèjì, síkáànù tí wọ́n ń tún yà ló ń sọ ibi tí nǹkan dé, nípa bí yàrá òkè ṣe ń fẹ̀ sí i tàbí bí kò ṣe fẹ̀.

Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé kí ẹ má jẹ́ kó bímọ. Kò sí àyẹ̀wò jíìnì tó lè sọ ọmọ tó máa jogún rẹ̀, oyún sì ń gbé ẹrù lé ọkàn tí kò tó tẹ́lẹ̀.

## Oògùn tuntun yẹn ńkọ́, ṣé kò lè kan ti fáàfù lọ́jọ́ iwájú?

Irú ìfọwọ́sí tí FDA fún un ló yẹ ká wò. Ó ní àdéhùn nínú: wọ́n gbà pé kò léwu bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, pé ó sì jọ pé yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó kún kò tíì pé. Ọdún kan ni irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ ń lò, wọ́n lè tún un ṣe lọ́dọọdún kó fi pé ọdún 5, ilé iṣẹ́ tó ni ín sì gbọ́dọ̀ máa kó ẹ̀rí jọ ní gbogbo àkókò yẹn. Ológbò tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó. HCM nìkan ni wọ́n sì ń kó ẹ̀rí náà jọ fún.

Ibi tó ti lè kan onílé tí fáàfù ológbò rẹ̀ kò dára kò ju ẹyọ kan lọ. Bí dókítà bá ti kọ HCM sínú ìwé ológbò tí kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ, tí wọ́n sì ń múra láti bẹ̀rẹ̀ sirolimus, ẹ lè béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti wo awẹ́ mitral rẹ̀ dáadáa lójú síkáànù, àti bóyá onímọ̀ ọkàn ẹranko ló wò ó.